Orí Keje: Àga Ìrọ̀gbọ̀kú àti Ìfẹ̀yìntì Tó Ṣeé Yí

Ní ọ̀pọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Kábà, ní Ìyàrà, ní Ìsánlú àti káàkiri ilẹ̀ Òkun, àga kan máa ń wà tí ọmọdé kì í ṣèèṣì jókòó lé. Bàbá ló ni ín. Kò ju igi mélòó kan tí a kàn pọ̀ lọ, pẹ̀lú aṣọ líle tí a ta láti òkè dé ìsàlẹ̀, àti eyín mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí káfíńtà gbẹ́ sára igi ẹ̀gbẹ́ lápá ẹ̀yìn. Bí bàbá bá jẹun ọ̀sán tán, á gbé ọ̀pá ẹ̀yìn àga kúrò nínú eyín àkọ́kọ́, á fi sínú ìkẹta, á sì nà sẹ́yìn. Yorùbá kò wá orúkọ rẹ̀ jìnnà: rírọ̀gbọ̀kú ni iṣẹ́ rẹ̀, àga ìrọ̀gbọ̀kú ni à ń pè é.

Mo fún un ní odindi orí kan nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń fojú kéré rẹ̀. Bí a bá ní kí wọ́n ya àwòrán àga ìgbafẹ́, àga onífóòmù ńlá ni wọ́n ń yà, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dúró sójú kan bí ògiri. Owó ńlá ló ń náni, ipò kan ṣoṣo ló sì ní. Àga bàbá ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ibi tí àga bàbá ti kùnà ni ìbàdí: aṣọ rẹ̀ máa ń rọ̀ sílẹ̀ láàárín, ó sì ń ká ẹ̀yìn ẹni bí ọrun. Nínú orí yìí, a ó pa ọgbọ́n eyín mọ́, a ó sì tún ti aṣọ ṣe.

Ohun tí ẹ̀yìn ń fẹ́

Àwọn egungun ẹ̀yìn tó ń yí lọ yí bọ̀ jẹ́ 24: méje ní ọrùn, 12 ní àyà, márùn-ún ní ìbàdí. Bí ẹ bá wo ẹni tó dúró láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ó rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ kò tọ́ bí ọ̀pá. Ó tẹ̀ wọnú lókè ìdí. Ibẹ̀ ni n ó máa pè ní kòtò ìbàdí. Bí ẹni náà bá jókòó sórí àpótí, egungun ìdí á yí sẹ́yìn, kòtò náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́. Bó bá tún tẹ̀ síwájú, ibẹ̀ á wú síta. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yín síbẹ̀ nísinsìnyí, ẹ dìde, kí ẹ tún jókòó. Ọwọ́ yín á sọ fún yín ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Láàárín egungun kan àti èkejì, ohun rírọ̀ kan wà bí ìrọ̀rí kékeré, òun ló ń gba ìwúwo ara. Ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1970, dókítà ará Sweden kan, Alf Nachemson, ti abẹ́rẹ́ bọ inú ìrọ̀rí yìí lára àwọn tó gbà fún un, ó sì wọn bí ìwúwo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tí wọ́n dúró, tí wọ́n jókòó, tí wọ́n dùbúlẹ̀. Òun àti Gunnar Andersson pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tún gbé iṣẹ́ náà dé orí àga. Ohun méjì ni wọ́n rí pé ó ń dín ìnira ìrọ̀rí náà kù: kí ìfẹ̀yìntì àga dà sẹ́yìn, àti kí nǹkan kan kún kòtò ìbàdí. Ṣáájú wọn, ní 1953, J. J. Keegan ní Amẹ́ríkà ti fi àwòrán egungun hàn pé nígbà tí igun tó wà láàárín itan àti àyà bá tó nǹkan bí dígírì 135 ni ìbàdí máa ń tẹ̀ bó ṣe yẹ kó tẹ̀ nígbà tí ara bá sinmi.

Ẹnì kan lè wá ní ká kúkú kàn án pa sí 135. Ó tì o. Ẹni tó nà tó bẹ́ẹ̀ kò lè mu omi láìda sí àyà, kò sì lè wojú àlejò. Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ ni pé ìrọ̀rí àárín egungun kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ nígbà tí èèyàn bá ti dàgbà. Bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tí a sì ń tú u sílẹ̀ ni oúnjẹ fi ń ráyè wọ inú rẹ̀. Ìjókòó tó dára jù lọ láyé, bí ó bá pẹ́ jù lójú kan, yóò di ìnira. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka ìfẹ̀yìntì tó ṣeé yí sí ohun tí àga ìgbafẹ́ kò gbọdọ̀ ṣaláìní.

Igun mẹ́rin ni a ó lò: dígírì 100 fún jíjẹun àti gbígbàlejò, 110 fún ìwé kíkà tàbí wíwo tẹlifíṣọ̀n, 120 fún ìsinmi, 130 fún oorun ọ̀sán. Láàárín ìjókòó àti ìfẹ̀yìntì ni a ti ń wọn igun yìí. Bí ó bá ti kọjá 110, orí náà ń fẹ́ ibi tí yóò gbé lé, nítorí náà ìfẹ̀yìntì wa gbọ́dọ̀ ga dé orí.

Ẹ wọn èèyàn kí ẹ tó wọn igi

Káfíńtà tó bá béèrè pé “àga mélòó?” kó tó béèrè pé “ta ni yóò jókòó?” ti ṣìnà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ mú téèpù lọ bá àwọn tó ni ilé. Ẹ wọn láti ilẹ̀ dé abẹ́ orúnkún, láìwọ bàtà tàbí pẹ̀lú sálúbàtà tí wọ́n ń wọ̀ nílé. Iwájú ìjókòó kò gbọdọ̀ ga ju ìyẹn lọ. Sẹ̀ǹtímítà 40 máa ń bá ọ̀pọ̀ àgbàlagbà mu. Fífẹ̀ ìjókòó lè jẹ́ 52. Ìgbápálé á ga tó 22 sí orí ìjókòó, kó sì gùn dé etí iwájú, torí àgbàlagbà á fẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì tì í kó tó lè dìde.

Ìwọ̀n tí wọ́n máa ń ṣì jù ni jíjìn ìjókòó. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà jókòó, kó fi ìdí kan ògiri, kí ẹ wọn láti ara ògiri dé ẹ̀yìn orúnkún, kí ẹ sì yọ márùn-ún kúrò. Ká sọ pé ti ìyá ilé jẹ́ 46, ti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì jẹ́ 52. Jíjìn tó bá ìyá mu jẹ́ 41, tọmọ 47. Bí ẹ bá kàn án sí 47, igi á máa gún ìyá lẹ́yìn orúnkún, á sún síwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì rọ̀ sínú òfìfo. Gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ṣe sí ìfẹ̀yìntì ti di asán lójú rẹ̀. Bí ẹ bá kàn án sí 41, díẹ̀ lára itan ọmọ ló kàn máa yọ síta. Ẹni kúkúrú ni kí ẹ máa fi wọn jíjìn, ẹni gíga ni kí ẹ máa fi wọn gíga ìfẹ̀yìntì.

Eyín

Ẹ ya ìlà gígùn kan sórí pátákó. Igi ẹ̀gbẹ́ àga nìyẹn, gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 93. Ẹ fi àmì sí ibi tó jẹ́ 45 láti iwájú: ibẹ̀ ni oríkèé, níbi tí ìfẹ̀yìntì ti so mọ́ igi ẹ̀gbẹ́. Apá iwájú oríkèé ni ìjókòó, tí ìrọ̀rí ìbàdí yóò gba mẹ́rin nínú rẹ̀; apá ẹ̀yìn tó jẹ́ 48 ni ilé eyín. Ìfẹ̀yìntì fúnra rẹ̀ ga tó 70. Ẹ gòkè lára rẹ̀ ní 30 láti oríkèé, kí ẹ fi bóòtì so ọ̀pá ìgbéró mọ́ ọn níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀pá ìgbéró náà jẹ́ 30 gan-an.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú kí méjèèjì dọ́gba ni. Onígun mẹ́ta tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì dọ́gba rọrùn láti ṣírò. Bí ẹ bá yọ igun ìfẹ̀yìntì kúrò nínú 180, ẹ ó rí igun tó kù lẹ́yìn oríkèé. Ẹ wá kosáìnì rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 60, ìyẹn 30 lẹ́ẹ̀mejì, ìdáhùn ni jíjìnnà eyín sí oríkèé:

Dígírì 100: sẹ̀ǹtímítà 10.4
Dígírì 110: sẹ̀ǹtímítà 20.5
Dígírì 120: sẹ̀ǹtímítà 30
Dígírì 130: sẹ̀ǹtímítà 38.6

Ẹ kíyè sí àlàfo àárín wọn: 10.1, lẹ́yìn náà 9.5, lẹ́yìn náà 8.6. Wọ́n ń súnmọ́ra bí a ṣe ń lọ sẹ́yìn. Káfíńtà tó bá fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá-mẹ́wàá pín in kò ní rí àṣìṣe ńlá nínú eyín mẹ́ta àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ní òun á fi ìkarùn-ún kún un ní 50, àga yóò já láti nǹkan bí 132 bọ́ sí 146 lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá dé 60, kò sí onígun mẹ́ta mọ́: ìfẹ̀yìntì àti ọ̀pá ti sùn pẹrẹsẹ sórí igi ẹ̀gbẹ́, ẹni tó jókòó ti wà nílẹ̀. Ọmọdé ni mí nígbà tí irú àga bẹ́ẹ̀ gbé àlejò kan ṣubú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ẹni tó gbẹ́ eyín tó kẹ́yìn sí i rò pé òun ń ṣe oore ni.

Bí ọ̀pá ìgbéró ti ń gba ìwúwo, sẹ́yìn ni ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń fẹ́ sá lọ. Nítorí náà, ògiri ẹ̀yìn eyín kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán, kó sì jìn tó sẹ̀ǹtímítà méjì. Ògiri iwájú rẹ̀ ni ká dà bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ọ̀pá lè yọ́ gorí rẹ̀ nígbà tí a bá fa ìfẹ̀yìntì síwájú. Ọ̀pá méjì ló wà, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi igi ìdábùú so wọ́n pọ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀kan á bọ́ sí eyín kejì, èkejì á bọ́ sí ìkẹta, àga á sì lọ́. Kí ẹni tó jókòó dìde kó tó yí i padà, kí ọwọ́ ọmọdé má sì sí nítòsí oríkèé nígbà náà: àga tó ń ká máa ń ṣẹ́ ìka.

Gbogbo igi ẹ̀gbẹ́ yìí ni a ó dà sẹ́yìn ní dígírì mẹ́wàá, iwájú rẹ̀ á ga tó 40, ẹ̀yìn á jẹ́ 24. Ìdí rẹ̀ ni pé ìfẹ̀yìntì tó dà sẹ́yìn máa ń ti ìdí ẹni síwájú. Bí ìjókòó bá tẹ́jú, ńṣe ni ẹni náà á máa yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ títí á fi jókòó lé ẹ̀yìn dípò ìdí. Bí ó bá sì dà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyá àgbà á máa pe èèyàn kó wá fa òun dìde.

Agbára wo ni ọ̀pá ń gbà?

Ká mú ẹni tó wúwo tó kìlógíráàmù 90. Orí, apá àti àyà rẹ̀ pọ̀ tó ìdá méjì nínú mẹ́ta, ìyẹn 60. Ká gbà pé ìwúwo yìí ń tẹ ìfẹ̀yìntì ní 30 sí oríkèé, ibi tí ọ̀pá gan-an ti so mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn á sọ pé ìgbà tí àga bá nà jù ni ọ̀pá ń jìyà jù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀.

Ní 130, ìfẹ̀yìntì dà débi pé ó fi dígírì 40 péré ga sí ilẹ̀. Ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ lójú jẹ́ 60 lọ́nà kosáìnì 40, ìyẹn 46. Ọ̀pá wá fi dígírì 80 kọ́ ọ lábẹ́, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú kọ ẹrù náà gan-an, nítorí náà 47 ló ń gbà. Ní 100, ìfẹ̀yìntì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ kò ju 20.5 lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pá ti sún mọ́ ìfẹ̀yìntì jù, dígírì 20 péré ló wà láàárín wọn; kó tó lè ti 20.5 padà, ó gbọ́dọ̀ fi 60 tì í. Èyí túmọ̀ sí pé eyín àkọ́kọ́, tí gbogbo èèyàn rò pé kò sí ewu níbẹ̀, ni bóòtì ti ń ṣiṣẹ́ jù. Ibẹ̀ náà sì ni àlejò máa ń ju ara rẹ̀ sí nígbà tó bá ti rìn wá nínú oòrùn. Ìjù-ara-sílẹ̀ yẹn ló mú kí n máa sọ ẹrù di ìlọ́po mẹ́ta kí n tó yan bóòtì: 180 fún ọ̀pá méjèèjì, 90 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bóòtì onírin tó nípọn tó mílímítà mẹ́wàá á gbà á láìmí kanlẹ̀. Igi tó yí ihò rẹ̀ ká ni kí ẹ ṣọ́. Ẹ fi wáṣà sí i, kí ihò má sì sún mọ́ etí igi ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Ní London, ní nǹkan bí 1866, ilé-iṣẹ́ William Morris bẹ̀rẹ̀ sí í ta àga tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ń gbára lé ọ̀pá kan tí a lè ṣí láti ihò dé ihò. Ọ̀dọ̀ káfíńtà àgbà kan ní Sussex, Ephraim Colman, ni wọ́n ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀. Ní 1928, ní ìlú Monroe ní Amẹ́ríkà, Edward Knabusch àti Edwin Shoemaker fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe àga tó ń nà bí ara ti ń nà, èyí tó di La-Z-Boy. Àwọn wọ̀nyí mú ohun tí káfíńtà ti mọ̀, wọ́n sì jókòó tì í.

Ìrọ̀rí ìbàdí àti aṣọ

Ibí ni a ti máa tún àga bàbá ṣe. Aṣọ gígùn kan ṣoṣo láti òkè dé ìsàlẹ̀ kò lè kún kòtò ìbàdí, nítorí ibi tí ara ti wúwo ni aṣọ ti ń rọ̀. Ẹ pín in. Kí ìjókòó ní aṣọ tirẹ̀, kí ìfẹ̀yìntì ní tirẹ̀. Lára ìfẹ̀yìntì, ẹ ta ọ̀já fífẹ̀ mẹ́ta ní ìdábùú sẹ́yìn aṣọ: ti èjìká kó dẹ̀ díẹ̀, ti àárín kó le díẹ̀, ti ìbàdí kó le bí awọ ìlù. Ọ̀já ìbàdí á wà ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 18 sí 25 lókè ìjókòó.

Lójú rẹ̀ ni ìrọ̀rí á wà, nínípọn rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ. Ẹ rántí ìyá ilé tí jíjìn rẹ̀ jẹ́ 41: ìjókòó 45 tí a kàn, bí ìrọ̀rí bá gba mẹ́rin níbẹ̀, 41 náà ló kù. Ọmọ rẹ̀ lè lo ìrọ̀rí tó fẹ́lẹ́ ju ìyẹn lọ. Kí ìrọ̀rí náà má dúró sójú kan o. Oríkèé ara èèyàn wà lókè ìjókòó, oríkèé àga wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, bí àga bá nà, ìfẹ̀yìntì á máa fà lára ẹ̀yìn ẹni. Ẹ ti rí i tí àga fa ẹ̀wù yín sókè rí. Ibi tí ìrọ̀rí ti bá kòtò mu ní 100 kọ́ ni yóò ti bá a mu ní 130. Ẹ fi ọ̀já gígùn so ó, kí ọ̀já náà gba orí ìfẹ̀yìntì kọjá sẹ́yìn, kí ẹ sì so àpò yanrìn kékeré mọ́ ọn lọ́hùn-ún. Yanrìn á máa fà á sókè, ara ẹni á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ibi tí ẹ bá fà á dé ni yóò dúró. Òwú àràbà tí àwọn ìyá wa ń fi sí tìmùtìmù fúyẹ́, ó sì tutù lára, ṣùgbọ́n ó máa ń pa mọ́ra tó bá yá. Fóòmù líle ni mo fi ń ṣe àárín, tí mo fi òwú àràbà bò ó.

Ní ti aṣọ, ilẹ̀ Òkun kò tòṣì. Àwọn obìnrin Bùnú àti Ìjùmú ti ń hun aṣọ lórí òfì ìdúró láti ayébáyé, aṣọ òfì yìí sì máa ń fẹ̀ ju ti àwọn ọkùnrin tó ń hun tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Ní Ògìdì ní Ìjùmú, tí kò jìnnà sí Kábà, Olóyè Nike Okundaye dá ilé ìhunṣọ sílẹ̀ ní 1996, ní ìlú tirẹ̀. Kíjìpá tó ki, tí a fi òwú ríran hun, lè gba ìwúwo àgbàlagbà bí a bá fi ìpele méjì ṣe é. Òwú tí wọ́n ta sórí òfì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í hun ló lágbára jù. Ẹ jẹ́ kó máa lọ láti igi dé igi, níbi tí ìwúwo ti ń fà á. Aṣọ ìpò, èyí pupa tí Bùnú fi ń ṣẹ̀yẹ ìsìnkú àwọn èèyàn ńlá, kì í ṣe aṣọ àga. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹwà rẹ̀ tàn yín.

Igi

Ìrókò àti apá le dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n ti wọ́n, eruku ìrókò sì máa ń yún ara, kí ẹ bo imú. Tíìkì tí a gbìn dára púpọ̀. Fún igi ẹ̀gbẹ́ àti ọ̀pá, ẹ lo ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí. Mẹ̀línà tó fúyẹ́ tó fún ìgbápálé àti igi ìdábùú.

Igi tútù ni ọ̀tá eyín. Pákó tí a rà ní òjò, tí a sì kàn kó tó gbẹ, yóò súnkì nígbà ọyẹ́, bóòtì á dẹ̀, àga á máa ké. Ẹ gé ègé kékeré, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ gbẹ ẹ́ nínú ààrò títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi dín mọ́. Bí ó bá jẹ́ gíráàmù 250 tẹ́lẹ̀, tó wá di 208, omi tó jáde jẹ́ 42. Ẹ fi 208 pín in, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Kò tíì yá. Ẹ tò ó sí abẹ́ òrùlé, kí afẹ́fẹ́ máa gba àárín rẹ̀, títí yóò fi wá sí nǹkan bí 12.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ẹ wọn àgbàlagbà mẹ́fà nínú agbo ilé yín láti ara ògiri dé ẹ̀yìn orúnkún. Ẹ sọ jíjìn ìjókòó tí ẹ ó kàn fún gbogbo wọn, àti ẹni tí ẹ fi wọ̀n ọ́n.

2. Oníbàárà kan fẹ́ kí ọ̀pá ìgbéró àti ibi tó so mọ́ ìfẹ̀yìntì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 35. Ẹ ṣírò jíjìnnà eyín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì sọ bí igi ẹ̀gbẹ́ yóò ṣe gùn tó kí ó lè ku sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án lẹ́yìn eyín tó kẹ́yìn.

3. Ẹ ṣírò ẹrù tó ń bọ́ sórí ọ̀pá ìgbéró ní 110 àti ní 120 fún ẹni tó wúwo tó kìlógíráàmù 90.

4. Ẹ lọ bá àgbà kan tó ní àga ìrọ̀gbọ̀kú. Ẹ kí i bó ṣe yẹ, ẹ tọrọ ààyè, kí ẹ wọn eyín àga rẹ̀. Ẹ bi í léèrè eyín wo ló máa ń lò jù, kí ẹ sì wo ibi tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣófo nígbà tó bá jókòó.